Orúnkún Gúnrégé àti Ìyẹ̀fun Ẹwà

Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá lórí ẹ̀mí ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Gúnrégé, ẹni tí Ọlọ́run fi orúnkún méjì tó pé ta lọ́rẹ, tó sì ná méjèèjì sórí ilẹ̀ ilé onílé. Àwọn mìíràn ń fi orúnkún gbàdúrà nìkan, wọ́n sì rò pé àwọn ti sin Olúwa dé góńgó. Ọkùnrin yìí ń fi tirẹ̀ gbàdúrà láàárọ̀, ó ń fi rákò kiri ilé ìwẹ̀ àwọn ènìyàn títí di ìrọ̀lẹ́, bó bá sì délé, a tún fi kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé òun ríṣẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yin Ẹni tó dá a, kí a tó sọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ fi ìyẹ̀fun olóòórùn dídùn bá Ẹlẹ́dàá tún iṣẹ́ ṣe.

Iṣẹ́ táìlì ni Gúnrégé ń ṣe. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́. Bó bá to táìlì tán, kí ẹ na okùn láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé, ẹ kò ní rí ibi tó wọ́. Ó sì ní ìlànà kan tí kì í yẹ̀: kì í fi tìmùtìmù sábẹ́ orúnkún bó bá ń ṣiṣẹ́. “Ẹni tó bá ń kúnlẹ̀ lórí tìmùtìmù,” ló máa ń wí, “kò ní mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga. Orúnkún mi ló ń ka ilẹ̀ fún mi.” Ìlànà tó jinlẹ̀ ni. Orúnkún kàwé, ó kàwé, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilẹ̀ àwọn oníbàárà tẹ́ bẹẹrẹ, orúnkún onítáìlì sì wú bí àkàrà tó rí epo gbígbóná. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò rí èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Ní àkókò tí orúnkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sókè, kọngílá kan pe Gúnrégé fún iṣẹ́ tí irú rẹ̀ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́ rí. Wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ pátá ni táìlì, láti gbọ̀ngàn ẹnu ọ̀nà dé yàrá tó kẹ́yìn. Òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìgbákejì, ni wọn yóò jọ ṣe é. Ṣùgbọ́n kọngílá náà kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

“Gúnrégé,” ló wí, “ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́. Àmọ́ mo rí i lẹ́ẹ̀kan pé o bú sí ‘yéè’, o sì di ògiri mú kí o tó dìde. Àwọn ọmọdé wà níta tí wọ́n lè fi orúnkún fò. Bí tìrẹ kò bá gbé e, sọ fún mi kí a tó bẹ̀rẹ̀.”

“Ọ̀gá, mo kàn ń wo bí ògiri yín ṣe le tó ni,” Gúnrégé fèsì.

Báyìí ni ó gba iṣẹ́, tó sì gbé ẹ̀rù lọ sílé. Iṣẹ́ mìíràn wà tí wọn yóò kọ́kọ́ parí, lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn yóò kàn. Bí orúnkún bá kọ̀ nígbà náà, iṣẹ́ kọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìkan, bí kò ṣe gbogbo iṣẹ́, nítorí onítáìlì tí kò lè kúnlẹ̀ kò yàtọ̀ sí akọrin tí kò lè lanu.

Ẹni tó dé pẹ̀lú ìgbàlà ni àbúrò ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ni ìyàwó Gúnrégé, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní ìwé. Àbúrò rẹ̀ ń ta ohun ẹwà, inagijẹ rẹ̀ sì ni Awọ-Jòjòló. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà, kí ẹlòmíràn má baà ṣì í sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti tinú ìsìn dé, Gúnrégé jókòó, ó sì gbìyànjú láti dìde lọ bu omi.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Awọ-Jòjòló wí, “ṣé ẹsẹ̀ yín ló dún yẹn?”

“Àga ni.”

“Àga kì í ké ‘yéè’, Ẹ̀gbọ́n.”

“Àga àtijọ́ ni. Ó ti mọ̀rọ̀ sọ.”

Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu. Àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣí báàgì. Ó yọ agolo aláwọ̀ píǹkì kan jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ láàárín tábìlì bí ẹni gbé ẹbọ ọpẹ́ ka iwájú pẹpẹ.

“Kọ́lájìn nìyí. Òun ló so awọ yín mọ́ ẹran, òun ló wà láàárín oríkèé yín tó ń jẹ́ kó yọ̀. Bí a ti ń dàgbà ló ń tán lára. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́, nínú omi ife kan. Awọ á dán, oríkèé á rọ̀, irun á kún, èékánná á le, oorun á dùn.”

“Ṣé kò ní bá mi to táìlì náà?”

“Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo Àǹtí mi, ṣé wọn kò fẹ́ kí ojú wọn dán ni?”

“Ojú mi ṣe jẹ́?” Tíṣà bi í.

Awọ-Jòjòló dákẹ́, ó kàn ń wo ojú náà tàánútàánú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ta agolo àkọ́kọ́. Ìrora tí ń ta Gúnrégé ní orúnkún ló ta èkejì.

Obìnrin kan wà lára agolo náà nínú àwòrán, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán débi pé eṣinṣin tó bá bà á yóò yọ̀ ṣubú. Kò tíì lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, kò sì sí àní-àní pé ìyẹ̀fun náà ló sọ ọ́ di ọmọ ogún ọdún. Nísàlẹ̀ àwòrán ni wọ́n to àwọn àrùn tí ìyẹ̀fun náà ń bá jà sí, wọ́n sì pọ̀ ju èyí tí àwọn wòlíì àtijọ́ dojú kọ lọ. Àwa ọmọ ènìyàn kúkú ni. Bí a bá ní kí a lọ wẹ̀ nínú odò ìtòsí, a ó bínú bí ọ̀gágun adẹ́tẹ̀ ìjọ́sí, a ó ní odò ilé wa mọ́ ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi agolo píǹkì bo omi kan náà, tí wọ́n sì fi adùn fáńílà sí i, a ó tò láti ẹnu ọ̀nà dé títì.

Gúnrégé fẹ́ máa mu ṣíbí ọ̀sán pẹ̀lú, nítorí ó rò pé bí méjì bá dára, mẹ́ta yóò sàn jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni Ìgbákejì. Ọkùnrin náà ní ẹnu, kì í sì í fi ṣọ́ra. Báwo ni Gúnrégé, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wí pé ìyẹ̀fun ẹwà kò sí fún ọkùnrin, yóò ṣe gbé agolo aláwòrán ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde láàárín iṣẹ́? Ó ronú jinlẹ̀, ó sì rí ọgbọ́n. Ó fọ garawa kékeré tí sìmẹ́ǹtì funfun ti tán nínú rẹ̀, ó gbẹ ẹ́, ó da ìyẹ̀fun náà sínú rẹ̀, ó dé e pa, ó sì gbé e sáàárín àwọn irinṣẹ́. Ìyẹ̀fun funfun nínú garawa ìyẹ̀fun funfun! Ta ni yóò fura? Ọgbọ́n ejò wà níbẹ̀ dáadáa. A kò kàn rí ti àdàbà ni.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè má mọ ohun tí ó ṣe. Sìmẹ́ǹtì funfun ni àwọn onítáìlì ń fi omi pò, tí wọ́n ń tẹ̀ bọ àlàfo tó wà láàárín táìlì kan sí èkejì. Bó bá gbẹ, á le, omi kò sì ní ráyè wọlé. Òun ni ohun ìkẹyìn tí ọwọ́ ń kàn nínú ilé.

Ilé tí wọ́n ń ṣe nígbà náà jẹ́ ti Ìyá Agbẹ̀bí, arúgbó tó ti gba ìdajì àwọn ará àdúgbò sáyé, tí kò sì tíì gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún ọ̀kankan nínú wọn láti ìgbà náà. Ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ méjì ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀.

“Ìgbákejì,” ni Gúnrégé wí ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, “ìwọ mú ilẹ̀, èmi á mú ògiri.”

“Ọ̀gá, láti ìgbà wo? Ẹ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ilẹ̀.”

“Mo fẹ́ kí o dàgbà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Mo ti lọ́mọ-ọmọ, Ọ̀gá. Ibo ni kí n tún dàgbà dé?”

Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Gúnrégé dúró ní ti tirẹ̀, ó ń to táìlì ògiri, ó ń yọ́ lọ mu ìyẹ̀fun rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Sì wò ó, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúnkún náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀! Wíwú rẹ̀ dín. Ó gun àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn láìdi nǹkan kan mú. Ó mi orí, ó wo agolo, ó wo òkè ọ̀run, ó sì pín ògo náà sí méjì.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó sọ bí òun ṣe ń jẹ̀rora tẹ́lẹ̀, ó sọ bí àbúrò ìyàwó òun ṣe dé bí áńgẹ́lì, ó sì fi ẹsẹ̀ fò díẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ìyá ìjọ hó ìhó ayọ̀. Ìgbákejì kò sí níbẹ̀, ibòmíràn ló ń jọ́sìn. Ṣùgbọ́n Awọ-Jòjòló wà níbẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lókè. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, fídíò náà ti dé ọwọ́ gbogbo oníbàárà rẹ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ lábẹ́: “Ẹ wo Ẹ̀gbọ́n mi, onítáìlì tí kò lè kúnlẹ̀ mọ́! Ẹ wò ó bó ṣe ń fò!” Ó tà ju bó ti máa ń tà lọ. Àwọn arúgbó tí ìgbésẹ̀ kò rọrùn fún rìn wá sílé rẹ̀ láti ra ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè rìn.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ ilé Ìyá Agbẹ̀bí fẹ́ parí, kọngílá pe Gúnrégé pé kó wá wo ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó lọ, ó fi Ìgbákejì sílẹ̀ kó di àlàfo táìlì ilé ìwẹ̀ tó kù. Ó lọ tayọ̀tayọ̀. Ó bá kọngílá rìn yí ilé náà po, kò di ògiri kankan mú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni fóònù dún.

“Gúnrégé, wá wo ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ mi,” ni ohùn Ìyá Agbẹ̀bí wí. “Mo ti gba oríṣiríṣi ọmọ láyé mi. N kò tíì rí ibi tí ilẹ̀ ti ń bí èèrà.”

Òun àti Ìgbákejì dé ibẹ̀ pa pọ̀. Arúgbó náà ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Èèrà ti bo gbogbo àlàfo. Nítorí pé táìlì náà gún, àwọn èèrà náà gún. Wọ́n ń tò lọ, wọ́n ń tò bọ̀ ní ìlà gbọọrọ, wọ́n ń yà ní igun pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ọmọ ogun tí ọba ń wò. Kò sí ilẹ̀ mìíràn nínú gbogbo ayé tó gún débi tí ẹ lè fi èèrà wọ̀n ọ́n. Níbi tí omi ìwẹ̀ ti kàn, ohun tó wà nínú àlàfo náà ti yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀.

Gúnrégé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan án, ó gbé ìka náà sí imú. Fáńílà.

“Ìgbákejì, kí lo fi dí ilẹ̀ yìí?”

“Sìmẹ́ǹtì funfun ni, Ọ̀gá. Èyí tó wà nínú àpò kò tó, mo wá bu ti inú garawa kékeré yín mọ́ ọn.”

“O kò gbọ́ òórùn rẹ̀ ni?”

“Mo gbọ́ ọ. Mo ní bóyá èyí tó lóòórùn ti dé. Ohun gbogbo ni wọ́n ń fi òórùn sí nísinsìnyí, títí dórí ọṣẹ ìfọlẹ̀.” Ó yíjú sí i. “Ọ̀gá, kí ló wà nínú garawa yẹn?”

Ìyá Agbẹ̀bí ló dáhùn, nítorí òun náà ti gba fídíò ìjẹ́rìí.

“Oògùn ojú ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ń mu ún fún orúnkún.”

Ìgbákejì wo ọ̀gá rẹ̀ láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀yin, Ọ̀gá? Ẹ ń mu ohun tó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán? Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ojú yín ti ń rí bí ti ọmọge!” Ó di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ní alábàáṣiṣẹ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn dákẹ́, kó dúpẹ́. Gúnrégé kò rí irú rẹ̀ gbà.

Ó gba ẹ̀bi. Ó ní ọwọ́ òun ni òun fi fà á, òun yóò sì fi ọwọ́ ara òun yọ ọ́. Bí Ìgbákejì ti nawọ́ sí irin, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí táìlì líle láìfi nǹkan sábẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìlànà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha àlàfo àkọ́kọ́. Ó ha á dé igun. Ó yí sí èkejì. Kí ó tó dé ìdajì rẹ̀, ìrora kan ta láti abẹ́ orúnkún dé itan, ó sì dúró síbẹ̀ bí onílé. Ó ní kí òun dìde. Ara kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Ó wá kúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárín àwọn èèrà, irin lọ́wọ́, ó ń wo ìsàlẹ̀ balùwẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé àdúrà láàárín àdúrà.

“Ọ̀gá?” ni Ìgbákejì wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Di apá mi mú.”

Ìgbákejì àti arúgbó náà gbé e dìde, wọ́n fi í jókòó sórí bèbè ibi ìwẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Kì í ṣe ìrora nìkan; ilé ìwòsàn ló ń rí, gbogbo yàrá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, àti àwọn ọmọdé tí orúnkún wọn ń fò.

“Ó ti sàn tẹ́lẹ̀, Màmá,” ló wí. “Mo fi Ọlọ́run búra, ó ti sàn.”

“Má búra. Sọ fún mi, ìgbà wo lo kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn?”

Gúnrégé ronú. “Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí.”

“Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ ìyẹ̀fun?”

“Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí náà.”

“Kí lo ń ṣe láti ìgbà náà?”

“Ògiri.” Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ní ẹnu rẹ̀ ló gbọ́ ọ.

“Ọ̀gá,” Ìgbákejì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ògiri ló wò yín sàn.”

Gbogbo ìjọ ti hó ìhó ayọ̀ nítorí pé ọkùnrin kan sinmi orúnkún rẹ̀. Kọ́lájìn gba ògo. Ìsinmi, tí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe kí Ó tó pa á láṣẹ fún wa, kò rí ẹni jẹ́rìí fún un. Kò ní agolo.

Ìyá Agbẹ̀bí ní ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ìdárayá tún ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn àwọn ènìyàn ṣe. Ó pè é wá. Ọmọbìnrin náà tẹ orúnkún náà lọ́tùn-ún lósì, ó ní kí Gúnrégé jókòó sórí àga kó sì dìde láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀. Kò lè ṣe é.

“Iṣan itan yín ló ti rọ, sà,” ló wí. “Òun ló yẹ kó máa gba ẹrù, orúnkún nìkan ló wá ń gbé e.”

“Kọ́lájìn yìí ńkọ́? Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé kọ́lájìn wà nínú awọ àti oríkèé wa, òótọ́ sì ni pé ó ń dín kù bí a ti ń dàgbà. Àmọ́ èyí tí ẹ ń mu, lára awọ àti eegun ẹran tàbí ẹja ni wọ́n ti rí i. Tí ẹ bá gbé e mì, inú yín á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ bó ti ń lọ ẹyin àti ẹ̀wà, ara á sì kó o lọ síbi tó bá wù ú. Ikùn kò mọ àdírẹ́sì orúnkún, sà.”

“Bí ènìyàn bá ń jẹ ojú ẹran,” Ìyá Agbẹ̀bí dá sí i, “ṣé yóò wá máa rí ẹ̀yìn òkè?”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n parí. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé awọ àwọn kan rọ̀ díẹ̀ sí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìrora orúnkún àwọn kan sì dín díẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n wí. Ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò náà, àwọn tó ń tà á ló náwó sí i; nínú èyí tí olùtajà kò náwó sí, ti awọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Kì í ṣe májèlé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹ jẹ ẹyin, ẹ jẹ ẹja, ẹ jẹ ọsàn. Ẹ ra tìmùtìmù orúnkún. Kí ẹ sì máa ṣe ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín yìí lójoojúmọ́.”

Ohun tó fi hàn án ni pé kó jókòó, kó dìde. Kó jókòó, kó dìde. Kó na ẹsẹ̀ kan síwájú, kó dá a dúró, kó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú Gúnrégé rẹ̀wẹ̀sì. Kò ní adùn, kò ní òórùn, kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Àti pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é.

Ìgbákejì ló ha àlàfo tó kù, tó sì fi ojúlówó sìmẹ́ǹtì dí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Awọ-Jòjòló wá sílé Gúnrégé. Kò wá bẹ aláìsàn wò. Ó wá ya fídíò mìíràn.

“Má fi orúkọ mi tà á mọ́,” ni Gúnrégé wí. “Pa èyí tó wà níta rẹ́. Ohun tí mo sọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri ni mo ń ṣe, mo sinmi orúnkún, ó rọlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lónìí, ó sì padà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́! Bóyá ẹ kò mu ún tó.”

“Mo mu ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ilé ìwẹ̀ Ìyá Agbẹ̀bí ló mu èyí tó kù, òun gan-an kò sì lè dúró.”

“Ṣé ẹ máa sọ pé ojú Àǹtí mi kò dán ni?” Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Àǹtí mi, ẹ gbà mí o.”

Tíṣà fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Obìnrin olóòótọ́ ni, òtítọ́ sì ń dùn ún. “Ó dán díẹ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n kí o tó kó nǹkan yìí wá, mo lè wà ní kíláàsì láti àárọ̀ títí àwọn ọmọ á fi lọ sílé, n kò ní fẹnu kan omi. Ìwọ lo ní kí n máa fi omi ife kan pò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ló ṣe é, àbúrò mi. Ìwọ mọ̀ ọ́n?”

Awọ-Jòjòló yọ agolo kan nínú báàgì rẹ̀. Ó wò ó. “Èmi náà ń mu ún,” ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti kéré. “Tí n kò bá mu ún, n kò mọ bí ojú mi ì bá ti rí.”

“Ojú ìyá wa ni ì bá jẹ́,” Tíṣà fèsì. “Ojú tó wuyì ni.”

Ó pa fídíò náà rẹ́ níwájú wọn. Kò dẹ́kun títa ọjà. Ẹ má ṣe retí iṣẹ́ ìyanu lọ́wọ́ mi náà. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé ó ti ń sọ fún àwọn arúgbó báyìí pé, “Ó lè ṣèrànwọ́ díẹ̀, ó lè má ṣe é, ẹ lọ rí oníwòsàn ẹsẹ̀ pẹ̀lú.” Fún ẹni tí ń tajà, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìrònúpìwàdà.

Ẹni tó kù ni kọngílá. Gúnrégé lè dákẹ́. Ọkùnrin náà kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tilẹ̀ gbèrò rẹ̀, ó gbé e yẹ̀ wò lórí ibùsùn, ó sì rí i pé bí òun bá wó lulẹ̀ láàárín iṣẹ́, Ìgbákejì tó ní ọmọ-ọmọ yóò bá òun wó. Ó lọ bá ọkùnrin náà láàárọ̀, ó sọ ọ́ tán láìfi ohunkóhun pamọ́.

“Orúnkún mi kò lè gba gbogbo rẹ̀, Ọ̀gá. Èmi á wọn ilẹ̀, èmi á gé táìlì lórí ìdúró. Ìgbákejì á máa kúnlẹ̀ jù mí lọ. Bí mo bá kúnlẹ̀, màá fi tìmùtìmù sí i, màá sì máa dìde sinmi. Yóò pẹ́ ju bí mo ṣe sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ yín ni.”

Kọngílá náà wò ó títí. “O ní ògiri lo ń wò bó ṣe le tó.”

“Mo parọ́ fún yín.”

“Mo mọ̀. Ẹni tó ń wo bí ògiri ṣe le kì í bú sí ‘yéè’.” Ó họ orí. “Yàrá ẹ̀yìn wọ̀nyí, màá fi wọ́n fún àwọn ọmọdé, nítorí ọjọ́ ń lọ. Gbọ̀ngàn iwájú ni kí ẹ mú. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn á máa gbà wọlé, n kò fẹ́ kó wọ́.”

Ìdajì iṣẹ́ lọ báyìí. Gúnrégé kò lè sọ pé kò dùn òun. Ṣùgbọ́n ìdajì tó kù jẹ́ tirẹ̀ láìsí irọ́ nínú rẹ̀, ó sì ṣe é bó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ní àárọ̀, kí Tíṣà tó lọ sí ilé ìwé, á máa jókòó, á máa dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oúnjẹ, ìyàwó rẹ̀ á ní, “Olówó orí mi, o ń rẹ́ mi jẹ, òkè ni kí o dìde sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́.” Á kùn, á tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n fi parí gbọ̀ngàn náà, orúnkún ṣì ń dùn ún bí òjò bá ṣú, àmọ́ ó ń kúnlẹ̀, ó sì ń dìde fúnra rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdajì tí gbogbo wa máa ń gbàgbé nígbà tí a bá ń tọrọ orúnkún. Lórí tìmùtìmù, ó wí pé òun kò gbọ́ ohùn ilẹ̀ dáadáa mọ́. Ìgbákejì ní kó fi ojú kà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn yòókù.

Kí Ẹni tó hun Gúnrégé pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ má ṣe jẹ́ kí ohun tí Ó so nínú rẹ̀ tú kó tó di àkókò. Kí Ó fún un ní agbára fún iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, àti ìsinmi tí ojú kò tì í láti sinmi. Kí ojú Tíṣà máa mọ́lẹ̀ nípa ìdùnnú àwọn ọmọ tó ń tọ́, kí ìgbà ọ̀dọ́ àwọn ọmọ inú ilé wọn dára, kí ọjọ́ ogbó wọn sì lọ́lá. Kí òtítọ́ máa bá àbúrò wọn tajà, kó sì jèrè nínú rẹ̀. Kí àlàáfíà wọlé tọ̀ wọ́n, kó jókòó, kó má sì ṣe dìde lọ. Àmín.